Àpá Ẹsẹ̀ Inú Amọ̀

Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ Tata. Àwọn obìnrin mìíràn á ní inú ọkọ̀ làwọn ti pàdé ẹni tí ọkàn àwọn yàn, tàbí pé ọ̀rẹ́ kan ló fi wọ́n mọra. Èmi, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà ní pápá ìṣeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo tẹjú mọ́, mo sì ti ba ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ kí n tó wo ojú rẹ̀.

Iṣẹ́ méjì ni mò ń ṣe nígbà náà. Láàárín ọ̀sẹ̀, mò ń bá bàbá mi gé gíláàsì ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Lópin ọ̀sẹ̀, mo máa ń ṣe adájọ́ níbi tí wọ́n ti ń fò jìnnà. Ẹni tí kò bá mọ eré náà, kó fetí sílẹ̀ díẹ̀: afòjìnnà á sáré bọ̀ láti òkèèrè, á tẹ pátákó funfun kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, á fò, á sì balẹ̀ sínú yanrìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá etí pátákó yẹn. Kí àríyànjiyàn má baà sí, wọ́n máa ń tẹ́ amọ̀ rírọ̀ síwájú rẹ̀. Bí ìka ẹsẹ̀ bá kàn án, amọ̀ á gba àpá. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wà nídìí amọ̀ yẹn pẹ̀lú àsíá méjì. Funfun, ó dára. Pupa, ó ti bàjẹ́, a ò sì ní wọ̀n ọ́n rárá.

Wọ́n ní ojú mi mú. Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ló pọ́n ọn. Gíláàsì kì í gba ẹ̀bẹ̀. Tó o bá fi ìwọ̀n irun kan ṣì í gé, kò ní wọ férémù, ò báà sunkún, ò báà rẹ́rìn-ín. Òfin kan ṣoṣo ni bàbá mi sì ní níbẹ̀: bí gíláàsì bá fọ́, ìgbálẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn án títí ẹni tó fọ́ ọ á fi sọ pé, "Èmi ni." Wọn kì í bú onítọ̀hún, wọn kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. "Ẹni tó bá fọ́ nǹkan tó dákẹ́," wọ́n á ní, "ẹlòmíràn ló máa tẹ àfọ́kù rẹ̀."

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n fẹ́ mú ẹni méjì tí yóò lọ fò fún orílẹ̀-èdè lókè òkun. Tata wà ní ipò kẹta. Tata ni gbogbo pápá ń pè é, nítorí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, tó bá sì gbéra nílẹ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó rántí ilẹ̀. Fífò kẹfà ló kù fún un, èyí tó kẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó kù lẹ́yìn rẹ̀.

Ó sáré bọ̀. Mi ò wo ojú rẹ̀. Adájọ́ kì í wo ojú. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pátákó, gbì! Gbogbo pápá hó yèè, nítorí ibi tó balẹ̀ sí, ẹnikẹ́ni ò tíì débẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo wo amọ̀. Àpá kan wà níbẹ̀ tí kò ju èékánná ọmọ ìkókó lọ. Apá mi wúwo bíi pé wọ́n so òkúta mọ́ ọn. Mo gbé pupa sókè.

Ó rìn padà wá, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wo àpá yẹn títí. Òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí pátákó. "Ẹ ṣeun," ló sọ, jẹ́jẹ́, ó sì dìde. Bàbá àgbà tó ń tẹ́ yanrìn, tí a ń pè ní Bàbá Oníyanrìn, pa ojú ibi tó balẹ̀ sí rẹ́, wọ́n yọ amọ̀, wọ́n kó irinṣẹ́ wọn lọ. Di òní olónìí, kò sẹ́ni tó mọ bí fífò yẹn ṣe jìnnà tó.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo wà nídìí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí káfíńtà kan gbé férémù fèrèsé wọlé. Ó ti fi aṣọ bo férémù náà, ó gbé e síwájú ara rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí. Mo sì mọ ẹsẹ̀ yẹn.

Ó gbé férémù sílẹ̀. Ó wò mí.

"Ìwọ nìyẹn," ló wí.

"Èmi nìyí. Ṣé o wá bá mi jà ni?"

"Rárá o. Mo fẹ́ kó o bá mi wọn gíláàsì fèrèsé. Mo mọ̀ pé o ò ní ṣì í wọ̀n."

Ẹ̀rín pa mí. Láti ọjọ́ yẹn, fèrèsé ò tán nílẹ̀ mọ́. Bó ṣe ń gbé ńlá wá ló ń gbé kékeré wá, títí kan èyí tó jẹ́ pé ológbò ò lè gbà á kọjá. Bàbá mi ń wò ó láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Ilé wo ni káfíńtà yìí ń kọ́," ni wọ́n bi mí lọ́jọ́ kan, "tó jẹ́ fèrèsé nìkan ló ní?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

"Ìwọ lo ò mọ̀? Ó dáa. Èmi náà ò mọ̀."

Mo fẹ́ràn rẹ̀, kí n má purọ́. Mo fẹ́ràn eruku igi tó máa ń wà lára irun ọwọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ràn bó ṣe máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá orí ìṣó kiri ara férémù kó tó gbé e lé mi lọ́wọ́, kó má baà ya mí. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán an jù ni "ẹ ṣeun" tó sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ẹni tó lè dúpẹ́ lọ́wọ́ àsíá pupa, òótọ́ wo ni kò ní lè gbà?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù, mo bi í léèrè. "Kí ló máa ń ṣe ẹ́ nígbà tó bá ku ẹyọ kan?"

"Etí mi máa ń di. Láti ìkíní dé ìkarùn-ún, èmi ni mò ń sáré. Tó bá di ìkẹfà, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́, ojú èèyàn ni màá máa rí. Ẹsẹ̀ mi á wá gùn fúnra rẹ̀, bíi ti ẹni tó fẹ́ tètè kúrò níbẹ̀. Kóòṣì ní kí n máa ka ìṣísẹ̀ mi. Mo máa ń kà á dé mẹ́wàá, ìyókù á bọ́ lọ́wọ́ mi."

"Ojú ta lo máa ń rí?"

"Ti Màámi." Ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ pa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù òun dé. Mo sì mọ̀ pé ó ti pa á dé tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi í nígbà wo ni màá rí ìyá rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kíní ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn, lẹ́ẹ̀kejì ó ní ara wọn ò yá, lẹ́ẹ̀kẹta ó kàn di ọwọ́ mi mú. Ó yẹ kí n ti fura. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ a máa fọ́ èèyàn lójú, kì báà jẹ́ adájọ́ tójú rẹ̀ mú. Nígbà tí ọdún kan ti kọjá tí mo sì sọ fún un pé mi ò ní máa fẹ́ ọkùnrin tó ń fi mí pamọ́, ó gbà pé ká lọ.

Ìyá rẹ̀ ń fọ aṣọ fún àwọn èèyàn, wọ́n sì ń lọ̀ ọ́. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni pálọ̀ wà, gbogbo ibẹ̀ ń rùn fún ọṣẹ àti aṣọ gbígbóná. Wọ́n gbá mi mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyàwó mi! Wọlé, wọlé. Jẹ́ kí n rí ọwọ́ rẹ." Wọ́n yí àtẹ́lẹwọ́ mi sókè, wọ́n rí ojú ọgbẹ́ gíláàsì. "Ọwọ́ oníṣẹ́ rèé. Mo ti sọ fún ọmọ yìí pé kó má mú ọmọ tó ń fi èékánná ṣe fáàrí wá bá mi." Inú mi dùn dé ìdí ọkàn mi. Ìyá mi ti kú láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, ó ti pẹ́ tí obìnrin àgbà ti di ọwọ́ mi mú bẹ́ẹ̀.

Mo jókòó, mo gbójú sókè. Fọ́tò ńlá kan wà lára ògiri nínú férémù dúdú. Tata ni, lófuurufú, apá rẹ̀ nà síwájú, ẹnu rẹ̀ là. Mo mọ fífò náà kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi.

"O ń wò ó, àbí?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Ìwé ìròyìn ni mo ti gé e, mo ní kí wọ́n bá mi sọ ọ́ di ńlá. Fífò tí wọ́n jí gbé nìyẹn. Mo wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n níbí yìí gan-an. Ọmọbìnrin kan báyìí, ó dé fìlà bojú bí ẹni tó wá jí adìẹ, ó kàn gbé àsíá pupa sókè. Ta ló rán an? Kí ni wọ́n fún un? Ọmọ mi délé, ó ní, 'Màámi, mi ò tẹ̀ ẹ́, adájọ́ ló yàn mí jẹ.' Ọmọ mi kì í purọ́. Láràárọ̀, kí n tó tan áyọ̀ọ̀nù, mo máa ń gbé oní-àsíá pupa yẹn síwájú Ọlọ́run. Mo ní bó ṣe ba ọjọ́ ọmọ mi jẹ́, kí tirẹ̀ má dára láéláé."

Mo wo Tata. Bàtà rẹ̀ ló ń wò.

Mo dúró dè é. Mo fún un láyè tó tó láti sáré láti òpin pápá dé orí pátákó. Mo fún un láyè náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ̀ ti ń bi mí bóyá omi ni màá mu tàbí tíì. Kò gbójú sókè.

"Èmi ni, Mà," ni mo wí.

"Ìwọ ni kí ni, ọmọ mi?"

"Èmi ni mo dé fìlà. Èmi ni mo gbé àsíá yẹn sókè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mò ń ṣàwàdà. Nígbà tí wọ́n wo ojú ọmọ wọn, ẹ̀rín kú lẹ́nu wọn.

"Ṣé o mọ̀?" ni wọ́n bi í.

"Mo mọ̀, Màámi."

"O mọ̀, o sì mú un wọlé mi, o jẹ́ kí n dì mọ́ ọn? Ó dáa. Dìde. Sọ ọ́ lójú rẹ̀ bó o ṣe sọ ọ́ lójú mi. O tẹ̀ ẹ́ àbí o ò tẹ̀ ẹ́?"

Tata dìde. Ó la ẹnu. Mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú mi: sọ ọ́, èèyàn méjì péré ló ń wò ọ́, àwa méjèèjì la sì fẹ́ràn rẹ.

"Màámi," ló ní, "ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Ó ti pẹ́."

Ìyá rẹ̀ kọjú sí mi. Wọn ò pariwo. "Ọmọ mi ò fẹ́ dójú tì ọ́, inú rere ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Èmi ò ní irú rẹ̀. Gba ibi tó o gbà wọlé jáde."

Tata sáré tẹ̀ lé mi dé ẹnu géètì.

"Dúró. Jọ̀ọ́, dúró."

"Kí lo fẹ́ sọ fún mi níta tó ò lè sọ nínú ilé?"

"Etí mi di."

"Tata!"

"Mo fẹ́ sọ ọ́, ó ti dé ẹnu mi. Mo gbójú sókè, mo rí ojú wọn, etí mi di. O ò mọ bó ṣe rí. Lọ́jọ́ yẹn, mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, síbẹ̀ aṣọ tí wọ́n ti lọ̀ fún ìrìn àjò mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn lórí háńgà. Gbogbo àdúgbò ni wọ́n ti sọ fún pé mò ń lọ. Wọ́n ní, 'Sọ fún mi pé o ò tẹ̀ ẹ́.' Mo bá sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Mo rò pé á kú sílẹ̀ níbẹ̀."

"Kò kú. Ó dàgbà, ó sì ń jẹ́ orúkọ mi láràárọ̀ nídìí áyọ̀ọ̀nù."

"Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń ṣépè. Mo fi ọ̀run búra."

"Gbọ́ mi," ni mo wí, omi ti ń bọ́ lójú mi, inú sì ń bí mi sí omi yẹn. "Kì í ṣe irọ́ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ilé ayé náà ní ìkẹfà tirẹ̀. Ọmọ á ṣàìsàn. Èmi náà á ṣìwà hù, ìyá rẹ á bínú. Ṣé gbogbo ìgbà yẹn ni etí rẹ á máa di, tí èmi nìkan á máa dìde sọ pé èmi ni?"

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá mi, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ. Gíláàsì kan wà níwájú wọn. Wọ́n gé e tán, wọ́n ṣẹ́ ẹ, wọ́n gbé e sápá kan.

"Mi ò kórìíra ọmọ yẹn," ni wọ́n wí. "Ó mọ férémù kàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí nǹkan bá fọ́ nínú ilé yín, ìwọ nìkan ni wàá máa di ìgbálẹ̀ mú. Mi ò bí ọ fún ìyẹn."

"Bàbá, mo fẹ́ràn rẹ̀."

"Mo mọ̀. Ṣé mo ní o ò fẹ́ràn rẹ̀ ni?"

Oṣù mẹ́ta kọjá. Tata ò gbé fèrèsé wá mọ́. Mo bẹ ọ̀gá àwọn adájọ́ pé kí wọ́n gbé mi kúrò nídìí amọ̀, wọ́n sì fi mí síbi tí wọ́n ti ń ju irin, níbi tí kò sóhun tí mo ń ṣe ju kí n máa yẹra kí irin má baà bà mí lórí. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń wò ó. Ó ti ń ṣe ohun kan tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀. Ó ń gbéra kó tó dé pátákó, ó fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ ṣáájú rẹ̀, ó ń sá fún un bí ọmọ tí áyọ̀ọ̀nù ti jó rí. Àsíá funfun ni gbogbo ìgbà, funfun, funfun, ó sì ń ṣe ìkẹsàn-án láàárín ẹni mẹ́wàá. Ìyẹn dùn mí ju pupa lọ. Mo máa ń bi ara mi lálẹ́ bóyá èmi ni mo bà á jẹ́, bóyá obìnrin gidi ì bá dákẹ́ ní pálọ̀ yẹn kó mu tíì rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, màá tún sọ fún ara mi pé rárá.

Ọjọ́ kan ni Bàbá Oníyanrìn ṣẹ́wọ́ sí mi láti ẹnu yàrá tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí. Wọ́n tu ọ̀rá kan tí wọ́n ká ní ìlọ́po mẹ́ta, wọ́n gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Amọ̀ ni, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ti le díẹ̀. Àpá ìka ẹsẹ̀ kan wà létí rẹ̀.

"Bàbá, èwo lèyí?"

"Ti ọkọ rẹ ni. Òun ló fò kẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì pò ó padà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ á tìdí rẹ̀ yọ. Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Yanrìn kì í jẹ́ kí nǹkan bọ́ sọnù. Ní báyìí, jẹ́ kí n ṣe alárinà yín. N ó gbé e lọ bá ìyá rẹ̀, n ó ní, 'Ìyá, ẹ wò ó, ẹsẹ̀ ọmọ yín rèé.' Ọ̀rọ̀ parí. Ẹ lọ ṣe ìgbéyàwó, kẹ́ ẹ fún mi ní àga tó ní ìrọ̀rí."

Mo fi èékánná mi kan àpá yẹn. Òun gan-an ni. Ẹ̀rí mi nìyí lọ́wọ́ mi: n ó bọ́ lọ́wọ́ èpè, n ó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gàn, Tata ò sì ní la ẹnu rẹ̀ rárá. Mo fẹ́ ẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé mi ò fẹ́ ẹ. Mo di amọ̀ yẹn mú títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lọ́wọ́ mi.

"Bàbá, ẹ lọ pò ó mọ́ ìyókù."

"Kí lo sọ?"

"Bí amọ̀ bá bá a sọ ọ́, òun ò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ pò ó."

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọmọ yìí, orí rẹ le ju irin tí wọ́n ń jù níbẹ̀ yẹn lọ." Ṣùgbọ́n wọ́n gbà á, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ra lójú mi títí àpá náà fi parẹ́. Ohun tí wọn ò sọ fún mi ni pé àwọn máa sọ fún Tata.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án gangan, ìyá Tata wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Mo dìde dúró. Wọ́n gbé nǹkan kan dání tí wọ́n fi aṣọ funfun wé, aṣọ tí wọ́n lọ̀ tó ń dán. Wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọ́n tú u. Férémù dúdú yẹn ni. Gíláàsì rẹ̀ ti fọ́ láti igun dé igun, àfọ́kù sì ya dà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tú u.

Bàbá mi ò mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ti mọ́ wọn lẹ́nu.

"Ẹ káàbọ̀, Mà. Ta ló fọ́ ọ?"

Èmi ni ìyá Tata ń wò.

"Èmi ni," ni wọ́n wí.

Bàbá mi wo ojú wọn, wọ́n wo ojú mi, wọ́n fà sẹ́yìn díẹ̀.

"Ó wá bá mi nídìí tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ," ni ìyá Tata ń bá lọ. Ohùn wọn gbẹ. "Ó kúnlẹ̀. Ó ní, 'Màámi, mo tẹ̀ ẹ́. Mo rí àpá ẹsẹ̀ mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ adájọ́, mo sì délé purọ́ mọ́ ọn.' Aṣọ tútù wà lọ́wọ́ mi, mo fi nà án. Mo nà án, mo nà án. Èyí tí mo nà kẹ́yìn ló gba fọ́tò yìí." "Mo bi í pé kí ló dé tó purọ́ fún mi. Ó ní èmi ni mo ní kó sọ ọ́. Mo rántí. Òótọ́ ni. Mo ní, 'Sọ fún mi pé o ò tẹ̀ ẹ́.' Aṣọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

Mo fa àga sún mọ́ wọn, wọn ò jókòó.

"Ọdún méjì ó dín díẹ̀ ni mo fi ń ṣépè fún ọ láràárọ̀. Ta ni màá lọ bá gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Ó dùn mí, Mà," ni mo wí. Mi ò lè sọ pé kò dùn mí. "Ṣùgbọ́n mo ṣì wà láàyè."

"Bàbá àgbà kan sọ fún un pé àpá ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ rí, pé o ò fi han ẹnikẹ́ni. Ó ní nígbà tí òun gbọ́ ìyẹn, òun ò lè sùn mọ́. Ṣé kò sí lọ́wọ́ rẹ mọ́ lóòótọ́?"

"Kò sí, Mà. Mo ní kí wọ́n pò ó."

"Ì bá gba èpè kúrò lórí rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Wọ́n mi orí. Mo yọ àwọn àfọ́kù tó ṣẹ́ kù lára férémù, mo gbé fọ́tò náà síta. "Ṣé kí n dá a padà síbẹ̀ tí mo bá ti fi gíláàsì tuntun sí i, Mà? Àbí ẹ fẹ́ fi nǹkan mìíràn síbẹ̀?"

Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n fi àtàǹpàkò nu eruku gíláàsì kúrò lójú ọmọ wọn.

"Dá a padà," ni wọ́n wí. "Ó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó kúkú fò."

Mo mú téèpù, mo wọn férémù náà. Mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kejì.

Wọ́n ká aṣọ funfun wọn, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró. "Tó bá ti ṣe tán, má fi rán ẹnikẹ́ni. Ìwọ ni kó o gbé e wá." Wọ́n tọ́ka sí òdìkejì títì. "Èyí tó fara pamọ́ sẹ́yìn igi yẹn, ó ní òun ò lè wọlé àyàfi tí wọ́n bá pe òun. Mo ti ṣe tèmi."

Tata ni. Ó dúró gbọnrangandan lẹ́yìn igi tí kò tó ìdajì ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, kò gbé férémù kankan dání. Mo fẹ́ pè é.

Bàbá mi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ti mú ìgbálẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Káfíńtà!" ni wọ́n pè. "Máa bọ̀. Ilẹ̀ yìí ń dúró dè ọ́."

Ó sọdá títì. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó kí bàbá mi, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Kó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní, "Mo tẹ̀ ẹ́." Lẹ́yìn náà ló gbá àfọ́kù náà jọ, láti ìdí tábìlì dé ẹnu ọ̀nà, mi ò sì bá a fọwọ́ kàn án.